Ṣọ́ọ̀ṣì Tó Sùn Sójú Títì

Nígbà tí iṣẹ́ epo dẹnu kọlẹ̀ ní Houston lọ́dún 1986, Adéolú wà lára àwọn tí iléeṣẹ́ kọ́kọ́ dá dúró. Ẹnjiníà ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣírò bí wọ́n ṣe máa gbé àwọn irin gàgàrà tí wọ́n fi ń wa epo lójú òkun, láti àgbàlá tí wọ́n ti jó wọn pọ̀ títí dé orí ọkọ̀ ojú omi. Òun àti Mojọlá ìyàwó rẹ̀ àti Dọ̀tun ọmọ wọn ń gbé nínú àpátímẹ́ǹtì kan ní Missouri City. Nọ́ọ̀sì ni Mojọlá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tirẹ̀ nìkan ò lè gbé ilé náà dúró. Kí ọdún tó parí, wọ́n kó ẹrù wọn lọ sí Pecan Landing, ìlú kékeré kan létí odò Brazos, níbi tí ilé gbígbé ò ti wọ́n.

Ohun tó kọ́kọ́ ya Mojọlá lẹ́nu nípa ìlú náà ni pé kò rí odò. Ó ti rò pé ìlú tí wọ́n fi èbúté sọ lórúkọ á kọjú sí omi. Àmọ́ òpópónà ńlá ìlú, níbi tí báńkì àti ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ àti ilé ìtajà àtijọ́ kan wà, ojú irin reluwé ló kọjú sí. Lápá ìlà oòrùn, wọ́n ń gé igi, wọ́n ń la títì tuntun, wọ́n ń kọ́ àwọn ilé bíríkì tó jọra wọn bí ìbejì fún àwọn tó ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Houston láràárọ̀. Gbọ̀ngàn ìlú ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ọ̀dà rẹ̀ ṣì ń rùn. Odò wà nísàlẹ̀, lẹ́yìn igbó, kò sí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ ló gbé Mojọlá dé etí odò. Àwọn arúgbó tí wọn ò lè rìn dé ilé ìwòsàn ló máa ń lọ tọ́jú nílé wọn. Ọ̀kan lára wọn ni Màmá Evelyn, obìnrin adúláwọ̀ tí wọ́n bí sí ìlú náà, tó ti lé dáadáa ní àádọ́rin ọdún. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ ọ́ lẹ́nu, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sì máa ń wú. Ilé rẹ̀ ló kẹ́yìn lójú ọ̀nà tó lọ sódò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà ni ṣọ́ọ̀ṣì onípákó kan wà, tóóró, funfun, tí ọ̀dà ti ń bó lára rẹ̀. Itẹ́ òkú wà lápá kan ṣọ́ọ̀ṣì. Omi ló wà lẹ́yìn méjèèjì.

Lọ́jọ́ kan, bó ṣe ń tú ohun tó fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru kúrò lápá ìyá náà, Mojọlá béèrè pé, "Màmá, ta ló ń jọ́sìn níbẹ̀ yẹn?"

"Àwa tó kù ni. A ò lè kún ìjókòó méjì mọ́. Pásítọ̀ kan máa ń wá láti Humble lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Lọ́jọ́ tí kò bá wá, èmi ni mo máa ń ka Bíbélì fún wọn."

"Kí ló dé tí wọ́n fi kọ́ ọ sísàlẹ̀ báyìí, tí gbogbo ìlú sì wà lókè?"

Màmá Evelyn rẹ́rìn-ín díẹ̀. "O ti yí i padà. Ìsàlẹ̀ níbí ni ìlú wà tẹ́lẹ̀. Jókòó, tí o bá ráyè."

Mojọlá jókòó. Ìyá náà wá sọ fún un pé ọkùnrin kan ló kọ́kọ́ so pákó pọ̀, tó sọ ọ́ di ọkọ̀ pẹrẹsẹ, tó ń fi gbé èèyàn àti ẹṣin kọjá odò. Ẹni tí ilẹ̀ bá ṣú sí létí omi á sùn síbẹ̀, ẹni tó bá sùn á fẹ́ jẹun, ìyẹn ni ilé oúnjẹ fi dé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ́ ilé tí wọ́n ń kó òwú sí, kí ọkọ̀ lè máa wá gbé e.

"Òwú yẹn," Màmá Evelyn ní, "àwọn èèyàn mi ló gbìn ín, àwọn ló já a, kò sì sí èyí tó jẹ́ tiwọn nínú rẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ. Nígbà tí wọ́n dá ẹrú sílẹ̀, bàbá bàbá mi àtàwọn mìíràn ò lọ. Wọ́n ra ilẹ̀ ìsàlẹ̀ yìí, nítorí pé omi máa ń bò ó, aláwọ̀ funfun kankan ò fẹ́ ẹ. Igi tí odò bá gbé wá ni wọ́n là, tí wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Reluwé ló wá dé, orí òkè ló sì gbà. Báńkì bá a gòkè. Ilé ìtajà gòkè. Pósítọ́fíìsì náà gòkè. Omíyalé ọdún 1913 ló lé ìyókù. Mo kéré gan-an nígbà yẹn, àjà ṣọ́ọ̀ṣì la sá sí. Láti ìgbà náà ni ìlú yìí ti ń rìn kúrò létí odò, àwa nìkan la dúró."

Nírọ̀lẹ́, Mojọlá ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. Láti Missouri City ni Adéolú ti ń darí ẹgbẹ́ Aládùúrà kékeré kan. Pálọ̀ wọn ni wọ́n ti ń gbàdúrà, àwọn aládùúgbò sì máa ń fi ọwọ́ gbá ògiri tí wọ́n bá gbọ́ orin àti agogo. Ní Pecan Landing, ilé wọn tuntun kéré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ìyá Dọ̀tun," Adéolú ní, "ṣé ìyá yẹn ò lè yá wa ní ṣọ́ọ̀ṣì náà lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi?"

Mojọlá lọ béèrè. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Màmá Evelyn bi í. "Ṣé ẹ máa ń kọrin?"

"Ìyẹn la mọ̀ ọ́n ṣe jù, mà."

"Ẹ máa bọ̀ nígbà náà."

Bó ṣe di pé àwọn Yorùbá ń wakọ̀ wá láti Stafford àti Missouri City nìyẹn, pẹ̀lú sùtánà funfun tí wọ́n fi kọ́ inú mọ́tò. Màmá Evelyn kì í kúrò lẹ́yìn ìsìn tirẹ̀. Á jókòó sẹ́yìn, á máa gbọ́ orin tí kò gbọ́ èdè rẹ̀, á sì máa mi orí.

Òjò pọ̀ ní ìgbà ìrúwé ọdún tó tẹ̀ lé e. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan Adéolú ń rìn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì rí i pé ilẹ̀ ti là láti etí omi bọ̀ wá síhà ìpìlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Ọwọ́ náà wọlé dé ìgúnpá. Ó wo odò, ó wo ilé náà, ó sì mọ̀ pé omi ti ń jẹ abẹ́ ilẹ̀ tipẹ́.

Ó lọ bá Màmá Evelyn níwájú ilé. "Màmá, mi ò fẹ́ dẹ́rù bà yín. Tí odò bá tún kún bó ṣe kún lọ́dún yìí, ṣọ́ọ̀ṣì yìí á lọ. Ṣùgbọ́n kò tíì pẹ́ jù. A lè gbé e lódidi bó ṣe wà, ká gbé e gòkè. Irú iṣẹ́ tí mo ń ṣe tẹ́lẹ̀ nìyẹn."

"Lọ síbo?"

"Ẹ sọ fún Mojọlá pé àbúrò yín tó kú fi ilẹ̀ kan sílẹ̀ nítòsí iléèwé."

Ìyá náà gbójú sókè wo ṣọ́ọ̀ṣì. "Adéolú, o ṣe dáadáa tó o ronú nípa wa. Ṣùgbọ́n rárá. Fi í sílẹ̀ níbi tí wọ́n kọ́ ọ sí."

Kò yé Adéolú. Ó bínú díẹ̀ nígbà tó délé. "Ó fẹ́ kí omi gbé e lọ lójú rẹ̀ ni? Ìyá yẹn gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Tó bá gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ní ohun tí kò tíì sọ," ni Mojọlá dá a lóhùn.

Lọ́sẹ̀ náà, lẹ́yìn tó ti fi báńdéèjì wé ẹsẹ̀ Màmá Evelyn, Mojọlá ò dìde. Ó ní, "Màmá, ìyá mi kú ní Ìbàdàn lọ́dún tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi. Mi ò lè lọ. Fọ́tò sàréè wọn ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi. Nígbà míì tí mo bá ń wakọ̀ lórí fíríwè, títì márosẹ̀ yẹn, ó máa ń ṣe mí bíi pé mo fi wọ́n sílẹ̀ níbì kan, mo sì gbàgbé láti padà lọ mú wọn."

Màmá Evelyn wò ó. Lẹ́yìn náà ó mú ọ̀pá rẹ̀. "Bá mi dìde."

Wọ́n gba inú itẹ́ òkú kọjá, wọ́n ń lọ díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi dé ibi tí ilẹ̀ pin. Omi ń ṣàn lábẹ́ wọn, ó pọ́n bíi tíì tí wọ́n fi mílíìkì sí. Màmá Evelyn na ọ̀pá sí àárín odò.

"Ọkọ mi wà níbẹ̀. Ìlà iwájú ni mo sin ín sí, torí ó fẹ́ràn ẹja pípa. Odò mú ìlà náà lọ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ìyókù ìjọ wa tó ń gbé lókè kì í wá dé etí omi, wọn ò mọ̀. Tí ẹ bá gbé ṣọ́ọ̀ṣì lọ, kò ní sóhun tó máa sọ pé èèyàn kankan wà níbí rí. Ta ló máa dúró tì í?"

Mojọlá di apá ìyá náà mú. Ó ní, "Mi ò mọ ẹni tó máa dúró, Màmá. Ṣùgbọ́n tí ṣọ́ọ̀ṣì bá bá odò lọ, ẹ̀yin àti ọkọ yín lẹ jọ máa pòórá lọ́kàn àwọn ọmọ ìlú yìí. Tó bá wà lókè, wọ́n á béèrè ibi tó ti wá. Ẹ̀yin lẹ máa dá wọn lóhùn."

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, nígbà tí ìsìn parí, Màmá Evelyn pe Adéolú sẹ́yìn. "Ẹ máa gbé e pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́," ló wí. "Àti àwọn sàréè tó kù. Ilé nìkan kọ́."

Adéolú ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Lùkúmọ̀n, ọmọ Ẹ̀pẹ́, Mùsùlùmí, tó ń wa tírélà fún iléeṣẹ́ kan ní Humble tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa gbé odidi ilé láti ibì kan lọ síbòmíràn. Lùkúmọ̀n wá wo ṣọ́ọ̀ṣì náà. Ó rá wọ abẹ́ rẹ̀, ó sì jáde pẹ̀lú jàǹkáríwọ̀ lórí.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "àwọn tó kọ́ ilé yìí ò ṣeré. Igi abẹ́ rẹ̀ le ju ti àwọn ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́hùn-ún yẹn lọ. Ó máa ṣeé gbé. Màá bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé tí tírélà bá ń sinmi, á fún wa."

Ó ku àṣẹ ìlú. Wọ́n lọ sí ìpàdé ìgbìmọ̀ ní gbọ̀ngàn tuntun náà. Máyọ̀, olórí ìlú náà, fetí sí Adéolú dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ ní wọ́n á ní láti gbé wáyà iná sókè, kí wọ́n sì ti òpópónà ńlá pa fún ọ̀pọ̀ wákàtí. "Ṣé kò ní rọrùn," ọkùnrin náà béèrè, "kí ẹ kàn kọ́ tuntun?"

Màmá Evelyn ò dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò jẹ́. Ibi tó jókòó sí ló ti sọ̀rọ̀. "Ẹ ti kọ́ tuntun tó. Èyí nìkan ló kù nínú ohun tí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú."

Wọ́n fún wọn láṣẹ.

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù October ni wọ́n gbé e. Wọ́n ti yọ fèrèsé, wọ́n ti sọ ilé agogo kékeré orí rẹ̀ kalẹ̀. Wọ́n ti irin gígùn méjì wọ abẹ́ ilẹ̀ onípákó rẹ̀, wọ́n fi jáàkì gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, Adéolú ń lọ láti igun kan sí òmíràn, ó ń wò ó bóyá ó dọ́gba. Àwọn tó mọ iṣẹ́ irin lára àwọn Aládùúrà wà níbẹ̀. Àwọn arúgbó ìjọ Màmá Evelyn gbé àga jáde, wọ́n jókòó sábẹ́ igi pẹ́kàn, wọ́n ń wòran. Nígbà tí tírélà fà, ilé náà dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹni tó na egungun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Màmá Evelyn ò tẹ̀ lé wọn. Ó ní òun á wà nílé. Mojọlá dúró tì í, wọ́n sì jọ wo òrùlé náà títí tó fi yípo lọ sẹ́yìn igi.

Wọ́n ti dé òpópónà ńlá nígbà tí òjò dé. Kì í ṣe òjò kékeré. Lùkúmọ̀n pa ẹ́ńjìnnì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbé e sí, ó sì padà wá pẹ̀lú ẹrẹ̀ dé orúnkún.

"Kò ṣeé ṣe lónìí, Ẹ̀gbọ́n. Tí táyà bá rì, ilé á fì, tó bá ti fì, ó tán nìyẹn. Ó di ìgbà tí ilẹ̀ bá gbẹ."

"Kí la máa ṣe sí i?"

"Ká fi í sílẹ̀ síbí."

Àárín òpópónà ńlá ni, iwájú ilé ìtajà àtijọ́ gan-an. Adéolú lọ bá ọ̀gá ọlọ́pàá, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ọkùnrin náà wo ṣọ́ọ̀ṣì tó gba ojú títì tán, ó họ orí, ó sì ní kò sí ibi tí òun lè gbé e lọ. Ó fi igi dí òpópónà lókè àti nísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì sùn sójú títì.

Oòrùn yọ lọ́jọ́ kejì. Adéolú ti sọ fún gbogbo ènìyàn pé kò ní sí ìsìn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbọ́ tirẹ̀. Àwọn Aládùúrà dé pẹ̀lú sùtánà. Àwọn arúgbó dé. Àwọn ará ìlú tí ìsìn tiwọn parí rìn wá láti wo ilé tó wà lórí táyà, àwọn tó ń gbé inú ilé bíríkì tuntun sì gbé ọmọ wọn sórí èjìká. Púpọ̀ nínú wọn ò mọ̀ rí pé ohun kankan wà nísàlẹ̀ odò.

Mọ́tò Mojọlá ló gbé Màmá Evelyn wá. Ó sọ̀ kalẹ̀, kò sì kọ́kọ́ wo ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé ìtajà ló ń wò.

"Ẹnu ọ̀nà iwájú yẹn," ó sọ fún Mojọlá, "ìyá mi ò gbà á wọlé rí. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń ta nǹkan fún un, torí pé adúláwọ̀ ni. Nígbà tí wọ́n wá ṣí i fún wa, mo ní mi ò lọ. Stafford ni mo ti ń ra gbogbo ohun tí mo ń lò láti ìgbà yẹn."

Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì náà ga lórí táyà, kò sí àtẹ̀gùn. Ẹni tó ni ilé ìtajà náà, aláwọ̀ funfun kan tó jẹ́ pé bàbá bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ, rí i pé wọ́n ń wá ọgbọ́n tí wọ́n máa dá. Ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó wọ́ pákó gbàgbà tí wọ́n fi ń já ẹrù jáde, ó sì gbé e láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ tó ga dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ ti pákó náà wò, ó sì na ọwọ́ sí Màmá Evelyn. "Ẹ máa bọ̀, mà. Kò ní yẹ̀."

Màmá Evelyn gun àtẹ̀gùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, Mojọlá lápá kan, ọkùnrin náà lápá kejì. Nígbà tó dókè, kò yà sórí pákó. Ó gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọ inú ilé ìtajà. Ó dúró láàárín àwọn ìṣó àti garawa àti okùn, ó wo òkè àjà, ó wo káńtà. Lẹ́yìn náà ó jáde, ó sì kọjá sínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Àwọn Aládùúrà bọ́ bàtà wọn sílẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìtajà kí wọ́n tó wọlé. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá àgbà ìjọ Màmá Evelyn wò wọ́n, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì bọ́ tirẹ̀ náà.

"Èmi ò bọ́ tèmi," Màmá Evelyn sọ. "Òtútù máa ń mú mi lẹ́sẹ̀."

Ìsìn kan ni wọ́n ṣe, kì í ṣe méjì. Afẹ́fẹ́ ń gba ojú fèrèsé tí wọ́n ti yọ wọlé, àwọn tó wà lójú títì sì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Adéolú gbàdúrà lédè Yorùbá, Màmá Evelyn ka Bíbélì lédè Gẹ̀ẹ́sì. Lùkúmọ̀n jókòó sórí àtẹ̀gùn tírélà lóde, ó ń ṣọ́ jáàkì, ó ń jẹ bisikíìtì tí ẹnì kan fún un. Bí wọ́n bá dìde láti kọrin, ilé náà á mì díẹ̀ lórí táyà, á sì tún rọlẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn, àwọn ènìyàn ò lọ. Màmá Evelyn jókòó sórí àga kan lọ́dẹ̀dẹ̀ ilé ìtajà, àwọn obìnrin láti àwọn ilé tuntun sì yí i ká, wọ́n ń bi í léèrè. Ó dá wọn lóhùn títí ohùn rẹ̀ fi há.

Ọjọ́bọ̀ ni ilẹ̀ tó gbẹ, wọ́n sì gbé ṣọ́ọ̀ṣì dé ibùjókòó rẹ̀ láìsí wàhálà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìlú bá wọn kó àwọn sàréè tó kù wá sẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ìjọ méjèèjì ò di ọ̀kan. Wọ́n jà lórí aago ìsìn, wọ́n jà lórí tùràrí tó ń mú àwọn arúgbó wúkọ́, wọ́n sì parí rẹ̀. Adéolú rí iṣẹ́ padà ní Houston, ó ń gba fíríwè lọ láràárọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó ní kí wọ́n padà sí Missouri City, Mojọlá ní òun ò lọ, Adéolú ò sì sọ ọ́ mọ́.

Màmá Evelyn kó gòkè síbì kan nítòsí gbọ̀ngàn ìlú. Kò fẹ́ràn ibẹ̀, ariwo mọ́tò pọ̀ jù. Lọ́jọ́ Sátidé, Mojọlá máa ń wakọ̀ gbé e lọ sísàlẹ̀, wọ́n á jókòó sínú mọ́tò níwájú omi, wọ́n á máa wò ó. Nígbà tí ọdún 1989 ń lọ sópin, wọ́n débẹ̀, wọ́n sì rí i pé ìlú ti fi irin dí ọ̀nà náà, nítorí pé etí odò ti wọ́ lọ. Mojọlá pa mọ́tò. Wọn ò rí omi láti ibẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbọ́ ọ.

"Ṣé kí n ràn yín lọ́wọ́ kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rìn débẹ̀?" Mojọlá béèrè.

Màmá Evelyn gbọ́ omi náà fún ìgbà díẹ̀ sí i. "Rárá," ó ní. "Yí mọ́tò padà, ọmọ mi. Jẹ́ ká lọ ra ẹja kí wọ́n tó ti ṣọ́ọ̀bù."